Bí ẹ ṣe lè gbé ibùdó ojú-ọjọ́ yín sórí APRS kí iye tó ń rán jáde sì péye

APRS ni ètò tí àwọn oní-rédíò ham (àwọn tó gba ìwé àṣẹ láti máa fi rédíò ṣe eré ọwọ́dilẹ̀) fi ń rán ibi tí wọ́n wà àti ìròyìn bí ojú-ọjọ́ jáde nípasẹ̀ ìgbì rédíò, kí ó lè yọ lórí máàpù. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lo rédíò ham ló ti ra ohun èlò ojú-ọjọ́, tí wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, tí wọ́n so kọ̀ǹpútà mọ́ rédíò, tí wọ́n sì jókòó tí máàpù pé kí ibùdó àwọn yọ. Àwọn kan kì í rí ara wọn rárá. Àwọn kan rí àmì ìpè wọn (orúkọ tí ìwé àṣẹ fún wọn lórí rédíò) láàárín agbami, nínú Gulf of Guinea, níbi tí ìlà ìbú 0 ti ré ìlà òró 0 kọjá, bẹ́ẹ̀ orí ilẹ̀ gbígbẹ ni ilé wọn wà. Ẹ̀ka kẹta ló burú jù: ibùdó wọn yọ síbi tó yẹ, ó gbé àmì ojú-ọjọ́ sórí, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ooru tó ń kéde kò bá ti àdúgbò mu, òjò sì ń rọ̀ nínú ìròyìn rẹ̀ lọ́jọ́ tí oòrùn mú ganrínganrín. Ẹni tí kò rí ìròyìn kankan yóò wá a lọ sí ibòmíràn, ṣùgbọ́n ẹni tó rí èyí tí kò tọ́ yóò gbà á gbọ́, yóò sì fi ṣe ìpinnu.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà ni pé ìdí rédíò ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ti máa fọhùn kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Nínú ìtọ́sọ́nà yìí, iye ni a óò kọ́kọ́ tọ́jú, lẹ́yìn náà gbólóhùn tí yóò gbé e, lẹ́yìn náà ohùn, kí ó tó wá kan íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má ṣe ti ìpele kan bọ́ sí èkejì títí àyẹ̀wò tó wà ní ìparí rẹ̀ yóò fi yọrí sí rere, nítorí pé bí ẹ bá so gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan tí kò sì ṣiṣẹ́, ẹ kò ní mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá àṣìṣe.

Ohun tí ẹ nílò

Ìwé àṣẹ rédíò ham tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ló ṣíwájú, nítorí pé láìsí i ẹ kò ní àmì ìpè, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ fọhùn lórí ìgbì kankan nínú àwọn tí a óò dárúkọ. Àwọn yòókù nìyí:

- rédíò VHF tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹgbẹ́ ìgbì mítà 2; agbára wátì 5 tó ní ọ̀pọ̀ ibi bí áńtẹ́nà bá dára;
- áńtẹ́nà tí ẹ gbé sókè níta; ọ̀pá tó gùn ní ìdámẹ́rin ìgbì kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 50 lọ, ẹ sì lè ṣe é fúnra yín;
- kọ̀ǹpútà kékeré bíi Raspberry Pi tí yóò máa wà ní títàn tọ̀sán-tòru;
- sound card USB, wáyà tó so ó mọ́ rédíò, àti ohun tí yóò máa bá kọ̀ǹpútà tẹ PTT (bọ́tìnnì tí a ń tẹ̀ kí rédíò tó fọhùn);
- Direwolf, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ módẹ́ẹ̀mù, ìyẹn ni pé ó ń sọ ọ̀rọ̀ di ohùn, ó sì ń sọ ohùn padà di ọ̀rọ̀;
- ohun èlò ojú-ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà lè ka iye rẹ̀;
- rédíò ọwọ́ kékeré kan tí ẹ ó fi máa gbọ́ ara yín.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fò. Ẹ yá a bí ẹ kò bá ní i.

Ìpele 1: Ẹ gbé sẹ́ńsọ̀ síbi tí yóò ti sọ òtítọ́

Sẹ́ńsọ̀ ooru ló máa ń kọ́kọ́ purọ́. Bí oòrùn bá ń pa á, ooru ara rẹ̀ ni yóò máa kà, kì í ṣe ti afẹ́fẹ́. Inú àpótí funfun tí a dá lu lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí afẹ́fẹ́ lè máa gba inú rẹ̀ kọjá ló yẹ kó wà, ní gíga mítà 1.25 sí mítà 2 láti ilẹ̀, lórí koríko bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó sì jìnnà sí ògiri, òrùlé páànù àti ẹ̀yìn ẹ̀rọ amúlétutù. Mo ti so tèmi mọ́ ògiri rí nítorí pé wáyà kò gùn tó. Mo mọ̀ pé yóò máa ka àkàjù lọ́sàn-án. Ohun tí n kò rò ni pé ògiri tó ti mu oòrùn yó yóò máa tú ooru jáde títí di ọ̀gànjọ́, tí ibùdó mi yóò sì máa kéde pé ilẹ̀ kò tíì tutù nígbà tí ìrì ti ń sẹ̀ sórí ọkọ̀ níta.

Fún afẹ́fẹ́, ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ojú-ọjọ́ ń lò ni òpó mítà 10 ní gbangba, tí ìdènà tó bá wà nítòsí yóò jìnnà sí i ní ìlọ́po mẹ́wàá gíga ìdènà náà. Ilé tó ga ní mítà 6 ń fẹ́ kí òpó wà ní mítà 60 sí i, èyí tí àgbàlá díẹ̀ ló ní. Bí ẹ kò bá ní àyè bẹ́ẹ̀, ẹ gbé òpó náà ga dé ibi tí agbára yín mọ, kí ẹ sì mọ̀ lọ́kàn yín pé afẹ́fẹ́ tí ẹ ń ròyìn yóò máa kéré sí èyí tó ń fẹ́ ní gbangba. Ẹ kíyè sí àríwá pẹ̀lú: abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì kì í tọ́ka sí àríwá gidi níbi gbogbo, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi ìyàtọ̀ tó wà ládùúgbò yín kún un tàbí kí ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó fún bóòtù ìtọ́ka afẹ́fẹ́ pa.

Ìgò òjò tó wọ́pọ̀ ní kọ́ọ̀bù kékeré méjì nínú, tó ń dà síhìn-ín dà sọ́hùn-ún bí omi bá ti kún ọ̀kan, ìdà kọ̀ọ̀kan sì ni kọ̀ǹpútà ń kà. Lọ́jọ́ kan tí òjò kò kán, mo tú tèmi nítorí pé ewé ti dí i lẹ́nu, mo fi omi ṣàn án dáadáa, mo tún un dè. Kí n tó padà sídìí kọ̀ǹpútà, ibùdó mi ti kéde òjò mílímítà 14 láàárín wákàtí kan fún gbogbo ẹni tó bá ń gbọ́. Ẹ yọ wáyà rẹ̀ kí ẹ tó fọ̀ ọ́.

Ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ ní ìdẹkùn tirẹ̀. Ohun tí sẹ́ńsọ̀ ń kà ni ìtẹ̀ tó wà níbi tí ó gbé jókòó, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń retí ni iye tí a ti ṣírò padà sí ojú òkun. Nítòsí ojú òkun, ìtẹ̀ ń dín ní nǹkan bí 1 hPa (hectopascal, òṣùwọ̀n ìtẹ̀ afẹ́fẹ́) fún gbogbo mítà 8 tí a bá gòkè. Ibùdó tó wà ní mítà 200 yóò tipa bẹ́ẹ̀ máa ka iye tó fi nǹkan bí 24 hPa kéré, ẹni tó bá sì rí i láàárín àwọn aládùúgbò rẹ̀ lórí máàpù yóò rò pé ìjì ńlá ń bọ̀ níbẹ̀. Ẹ tẹ gíga ibùdó yín sínú ètò tó ń ka sẹ́ńsọ̀ náà kí ó lè ṣe ìṣírò yìí fún yín.

Àyẹ̀wò: Ẹ gbé tẹmómítà mìíràn sínú òjìji lẹ́gbẹ̀ẹ́ sẹ́ńsọ̀, kí ẹ kà wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lọ́sàn-án gangan àti kí ilẹ̀ tó mọ́. Fún ìgò òjò, ẹ wọn ìbú ẹnu rẹ̀, kí ẹ ṣírò ìwọ̀n ojú rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin, kí ẹ sì rọra kán omi mìlílítà tó jẹ́ iye kan náà sínú rẹ̀. Òjò mílímítà 10 ló yẹ kó kà. Ẹnu tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 16, fún àpẹẹrẹ, ń gba mìlílítà 201. Fún ìtẹ̀ afẹ́fẹ́, ẹ fi iye yín wé èyí tí pápákọ̀ òfurufú tó sún mọ́ yín jù lọ ń kéde. Kò yẹ kí ìyàtọ̀ ju 1 tàbí 2 hPa lọ.

Ìpele 2: Ẹ kọ ibi tí ẹ wà bí APRS ṣe fẹ́ kí a kọ ọ́

Máàpù orí fóònù ń fún wa ní ìlà ìbú àti ìlà òró ní dìgírì tó ní ìdá, bíi 48.2150 àti 11.5780. APRS kì í ka èyí. Dìgírì àti ìṣẹ́jú ni ó ń kà, tí ìṣẹ́jú sì ní nọ́ńbà méjì lẹ́yìn àmì ìdá. Ẹ mú ohun tó wà lẹ́yìn àmì ìdá nínú iye tiyín, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 60: 0.2150 ní ìlọ́po 60 jẹ́ 12.90, ìlà ìbú yín sì di 4812.90N, 0.5780 ní ìlọ́po 60 jẹ́ 34.68, ìlà òró yín sì di 01134.68E.

Àṣìṣe méjì ló máa ń bọ́ síbí yìí. Èkíní ni kí ènìyàn kàn sún àmì ìdá kí ó kọ 4821.50N, èyí tó gbé ibùdó náà lọ sí nǹkan bí kìlómítà 16 sí ibi tó wà ní tòótọ́. Kò jìnnà tó láti pa ènìyàn lẹ́rìn-ín, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù gbáko láìmọ̀. Èkejì ni kí a gbàgbé òdo tó ṣíwájú ìlà òró. Nọ́ńbà mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà fún dìgírì ìlà òró, àní bí ó bá jẹ́ 3 péré. 003 ni ẹ ó kọ. Bí òdo kan bá já, gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e ti ṣí kúrò ní àyè rẹ̀.

Ẹ tún ro ó dáadáa bóyá ẹ fẹ́ kí gbogbo ayé mọ ojúlé yín. Nọ́ńbà tó kẹ́yìn nínú ìlà ìbú dúró fún mítà 18 àti díẹ̀ péré, èyí tó tó láti tọ́ka sí ilé kan láàárín àdúgbò. APRS gbà kí a fi àlàfo rọ́pò àwọn nọ́ńbà tó kẹ́yìn: àlàfo kan fẹ ibi náà di nǹkan bí mítà 185, méjì sì fẹ̀ ẹ́ di kìlómítà 1.85. Fún ìròyìn ojú-ọjọ́, àlàfo kan kò ba nǹkan kan jẹ́.

Àyẹ̀wò: Ẹ pín ìṣẹ́jú náà pẹ̀lú 60, kí ẹ fi kún dìgírì, kí ẹ sì tẹ ohun tí ẹ rí sínú máàpù. Òrùlé yín ló yẹ kí ẹ rí.

Ìpele 3: Ẹ kọ gbólóhùn ojú-ọjọ́

Gbólóhùn kan ṣoṣo ló ń gbé ibi tí ẹ wà àti ojú-ọjọ́ papọ̀. Ó máa ń rí báyìí:

!4812.90N/01134.68E_225/011g018t081r000p020P008h74b10132

Àmì ìyanu tó ṣíwájú ń sọ pé ibi tí ibùdó wà ló tẹ̀ lé e, láìsí àkókò. Ìlà ìsàlẹ̀ tó wà lẹ́yìn E ni àmì ibùdó ojú-ọjọ́. Bí ẹ bá fi ohun mìíràn sípò rẹ̀, ilé tàbí ọkọ̀ ni yóò yọ lórí máàpù, kò sì sí ẹ̀rọ tí yóò ka ohun tó tẹ̀ lé e sí ojú-ọjọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá ní dìgírì, eré rẹ̀, g fún ẹ̀fúùfù òjijì tó le jù láàárín ìṣẹ́jú 5 tó kọjá, t fún ooru, r fún òjò wákàtí kan tó kọjá, p fún òjò wákàtí 24, P ńlá fún òjò láti ọ̀gànjọ́ òru, h fún ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, àti b fún ìtẹ̀ afẹ́fẹ́.

Òṣùwọ̀n ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Eré afẹ́fẹ́ wà ní máìlì fún wákàtí kan, ooru wà ní Fahrenheit, òjò wà ní ìdá ọgọ́rùn-ún íńṣì, ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ nìkan ló wà ní ìdámẹ́wàá hPa, bẹ́ẹ̀ Celsius àti mílímítà ni ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ ń kà. Èmi náà kò fẹ́ràn àdàlú yìí, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe là á kalẹ̀ nìyẹn, ẹni tó bá sì fi Celsius ránṣẹ́ ń sọ fún ayé pé ilé òun ti di yìnyín. Ìṣírò rẹ̀ kò le. Ẹ sọ Celsius di ìlọ́po 1.8 kí ẹ fi 32 kún un: 27 di 80.6, ẹ ó sì kọ t081. Ẹ sọ mítà fún ìṣẹ́jú-àáyá kan di ìlọ́po 2.237: 5 di 11.2, ẹ ó sì kọ 011. Ẹ pín mílímítà òjò pẹ̀lú 0.254: 5 di 19.7, ẹ ó sì kọ p020. Ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ 1013.2 di b10132, nọ́ńbà márùn-ún pérépéré. Bí ó bá jẹ́ 998.4, òdo gbọ́dọ̀ ṣíwájú, kí ó di b09984.

Ọ̀rinrin ní nọ́ńbà méjì péré, nítorí náà h00 ló dúró fún ìdá 100 nínú ọgọ́rùn-ún. Ètò tí ẹ kọ tí kò mọ èyí yóò kọ h100 lóròòru tí kùrukùru bá bolẹ̀, nọ́ńbà kan tó lé yóò sì ba kíka gbólóhùn náà jẹ́. Bí ooru bá wà lábẹ́ òdo nínú Fahrenheit, t-05 ni ẹ ó kọ, kì í ṣe t-5.

Bí ẹ kò bá ní sẹ́ńsọ̀ kan, ẹ má ṣe fi òdo dí àyè rẹ̀. Òdo túmọ̀ sí pé ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ kò sì rí nǹkan kan. Fún afẹ́fẹ́ tàbí ooru tí kò sí, ẹ fi àmì ìdákẹ́ mẹ́ta sípò iye náà, bíi .../...g...t081, ti òjò, ọ̀rinrin àti ìtẹ̀ afẹ́fẹ́, ẹ yọ lẹ́tà àti iye rẹ̀ kúrò pátápátá.

Àyẹ̀wò: Direwolf wá pẹ̀lú ètò kékeré kan tó ń jẹ́ decode_aprs, tó ń ka gbólóhùn tí yóò sì sọ ohun tó rí nínú rẹ̀. Ẹ fi àmì ìpè tiyín rọ́pò N0CALL, kí ẹ tẹ:

echo 'N0CALL-13>APRS:!4812.90N/01134.68E_225/011g018t081r000p020P008h74b10132' | decode_aprs

Ẹ lo àmì àyọlò ẹlẹ́yọ kan bí mo ṣe kọ ọ́, nítorí pé nínú ẹlẹ́yọ méjì, kọ̀ǹpútà lè ka àmì ìyanu náà sí àṣẹ mìíràn. Ohun tó bá tẹ̀ jáde gbọ́dọ̀ dárúkọ ibùdó ojú-ọjọ́, kí gbogbo iye sì bá ohun tó wà lójú sẹ́ńsọ̀ yín mu. Nọ́ńbà 13 tó tẹ̀ lé àmì ìpè ni àwọn oní-APRS yà sọ́tọ̀ fún ibùdó ojú-ọjọ́. Ọkọ̀ ń lo 9, rédíò ọwọ́ sì ń lo 7.

Ìpele 4: Ẹ gbọ́ àwọn ẹlòmíràn kí ẹ tó fọhùn

Ìgbì APRS yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn: 144.390 MHz ni wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, 144.800 ní Yúróòpù, 145.175 ní Ọsirélíà, 144.575 ní New Zealand. Ẹ bi ẹgbẹ́ àwọn oní-rédíò ham orílẹ̀-èdè yín bí ẹ kò bá ní ìdánilójú.

Ẹ ṣí squelch rédíò yín (ohun tó ń pa ariwo rẹ̀ mọ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá fọhùn) sílẹ̀ pátápátá kí ariwo rẹ̀ máa ṣe ṣáá. Ó ń yọ ènìyàn lẹ́nu, mo mọ̀, ẹ lè pa sípíkà, ṣùgbọ́n bí squelch bá pa, yóò máa gé orí páákẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan (gbólóhùn tí ibùdó rán lẹ́ẹ̀kan) kí ó tó ṣí, módẹ́ẹ̀mù kò sì ní rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Nínú fáìlì direwolf.conf, àwọn ìlà yìí tó fún ìbẹ̀rẹ̀:

ADEVICE plughw:1,0
CHANNEL 0
MYCALL N0CALL-13
MODEM 1200

Páákẹ́ẹ̀tì kan dún bí ìgbà tí ènìyàn fa aṣọ ya: ohùn 1200 hertz àti 2200 hertz ló ń pààrọ̀ ara wọn kíákíá. Nígbàkígbà tí Direwolf bá ka ọ̀kan, yóò kọ audio level sí iwájú rẹ̀. Ẹ yí ohùn rédíò títí iye yìí yóò fi sún mọ́ 50. Àwọn kan rò pé bí ohùn bá ti lágbára tó ni yóò ti dára tó. Òdìkejì rẹ̀ ni, nítorí pé ohùn tó kún jù ń fọ́, a kò sì lè kà á mọ́.

Àyẹ̀wò: Ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan, kí ẹ jókòó tì í. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn páákẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá tó já geere, ó yẹ kí ẹ rí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lójú kọ̀ǹpútà.

Ìpele 5: Ẹ fọhùn

Fún PTT, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tẹ ẹ́ fúnra rẹ̀, yálà láti ojú sẹ́ríà (serial port) tàbí láti GPIO (àwọn ẹsẹ̀ wáyà tó wà lára Raspberry Pi), bíi PTT /dev/ttyUSB0 RTS. Ẹ má ṣe lo VOX, èyí tó ń mú kí rédíò fọhùn fúnra rẹ̀ bó bá gbọ́ ohùn. VOX kì í tètè jí, bó bá sì jí tán kì í tètè sùn. Yóò jẹ ìbẹ̀rẹ̀ páákẹ́ẹ̀tì yín, yóò sì di ìgbì mú lẹ́yìn tí ẹ ti parí ọ̀rọ̀. Ẹ tan aago TOT ara rédíò (tó ń díwọ̀n bí ìfọhùn kan ṣe lè pẹ́ tó) pẹ̀lú, kí ó lè gé ìfọhùn bí PTT bá há. Áńtẹ́nà tó sún mọ́ kọ̀ǹpútà jù lè fa irú ìháhá yìí: agbára rédíò á wọ inú wáyà USB, kọ̀ǹpútà á dákú sẹ́nu iṣẹ́, rédíò á sì máa fọhùn lọ. Ẹ gbé áńtẹ́nà náà jìnnà, kí ẹ sì fi òrùka ferrite sí wáyà.

TXDELAY 30 túmọ̀ sí mìlísẹ́kọ́ńdì 300 láàárín ìgbà tí PTT tẹ̀ àti ìgbà tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ohùn tó ń wọ rédíò yín ni ìdí tó wọ́pọ̀ jù lọ tí a kì í fi í gbọ́ ibùdó tuntun. Ẹ gbé rédíò ọwọ́ yẹn sí iyàrá kejì, kí ẹ máa gbọ́ ara yín, kí ẹ sì máa gbé ohùn kọ̀ǹpútà sókè díẹ̀díẹ̀. Yóò dé ibì kan tí kì í pọ̀ sí i mọ́ bí ẹ tilẹ̀ ń gbé e sókè. Ibẹ̀ ni rédíò ti ń gé e. Ẹ dín in kù kúrò níbẹ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ pé ó ti rẹlẹ̀ dáadáa. Ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń wọn deviation (bí ohùn ṣe ń mi ìgbì tó) lè fi í sí nǹkan bí kìlóhẹ́tísì 3.

Àyẹ̀wò: Ẹ so rédíò ọwọ́ mọ́ fóònù tàbí kọ̀ǹpútà mìíràn tó ń ka APRS. Páákẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá tí ẹ bá rán, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló gbọ́dọ̀ kà. Bí ó bá ka méje, ohùn yín kò tíì dára, ẹ má sì tan ara yín pé ọ̀nà jíjìn ni yóò tún un ṣe.

Ìpele 6: Ipa ọ̀nà àti iye ìgbà

Gbogbo ibùdó àdúgbò ló ń pín ìgbì kan ṣoṣo. Ibùdó àtúnsọ, tí à ń pè ní digipeater, ń tún ohun tó bá gbọ́ sọ gẹ́gẹ́ bí ipa ọ̀nà tí ẹ kọ sí i. Ibùdó tó dúró sójú kan tó sì ní áńtẹ́nà níta kò nílò ju WIDE2-1 lọ. WIDE1-1 jẹ́ ti ọkọ̀ àti rédíò ọwọ́ tí agbára wọn kéré. Ẹni tó kọ WIDE3-3 tàbí WIDE7-7 sínú ètò rẹ̀ ń kó ariwo bá àwọn tí kò mọ ilé rẹ̀ rárá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá tó fún ojú-ọjọ́:

CBEACON delay=1 every=10 via=WIDE2-1 infocmd="/usr/local/bin/ojo.sh"

Fáìlì ojo.sh yìí ni ètò kékeré tí ẹ kọ láti ka sẹ́ńsọ̀ kí ó sì tẹ gbólóhùn ìpele 3 jáde. Ohun kan wà tí ó gbọ́dọ̀ ṣe tí ọ̀pọ̀ kì í rántí: kí ó wo ìgbà tí sẹ́ńsọ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Bí bátìrì sẹ́ńsọ̀ bá kú, iye tó kẹ́yìn ṣì wà nínú fáìlì, ètò náà á sì máa rán ooru ọ̀sán àná kiri lóru òní. Bí iye náà bá ti ju ìṣẹ́jú 15 lọ, kí ó fi àmì ìdákẹ́ sípò rẹ̀ tàbí kí ó yọ ọ́.

Àyẹ̀wò: Ẹ dúró ti Direwolf fún ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí ẹ bá rán ti àkọ́kọ́. Bí digipeater bá wà nítòsí, ẹ ó gbọ́ ọ̀rọ̀ yín padà láti ẹnu rẹ̀, pẹ̀lú àmì ìpè rẹ̀ àti ìràwọ̀ kan nínú ipa ọ̀nà.

Ìpele 7: Íntánẹ́ẹ̀tì, tó bá wù yín

Ibùdó tó ń gbé ohun tó gbọ́ lórí afẹ́fẹ́ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni IGate. Bí ọ̀kan bá wà tó ń gbọ́ yín, iṣẹ́ yín ti parí. Bí kò bá sí, ẹ lè ti ìròyìn yín bọ APRS-IS (ẹ̀ka APRS tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì) fúnra yín:

IGSERVER euro.aprs2.net
IGLOGIN N0CALL-13 passcode

Noam, soam, asia àti aunz wà fún àwọn ẹkùn mìíràn ní ipò euro. Passcode jẹ́ nọ́ńbà tí a ṣírò láti inú àmì ìpè, láìka 13 tó wà ní ìparí rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ ìlà CBEACON kejì tó ní sendto=IG.

Ìkìlọ̀ tó ṣe pàtàkì jù nínú ìpele yìí ni pé kí ẹ má ṣe tan íntánẹ́ẹ̀tì kí rédíò tó yege. Mo mọ àwọn tí ibùdó wọn wà lórí máàpù fún ọdún kan, tí wọ́n ń yangàn pé áńtẹ́nà wọn dára, tó sì jẹ́ pé wáyà íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló ń gbé wọn. Ẹ ṣí aprs.fi, ìkànnì máàpù APRS, kí ẹ wo raw packets (páákẹ́ẹ̀tì bí wọ́n ṣe dé gan-an) àmì ìpè yín. Bí ẹ bá rí TCPIP* àti qAC, íntánẹ́ẹ̀tì ló gbé e wá. Bí ẹ bá rí qAR tàbí qAO tí àmì ìpè ẹlòmíràn sì tẹ̀ lé e, afẹ́fẹ́ ló gbé e, ẹni yẹn ló sì gbọ́ yín.

Àyẹ̀wò: Fún ọjọ́ méje, ẹ máa wo ìlà ooru àti ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ibùdó méjì tó sún mọ́ yín. Ìlà ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa bá tiwọn gòkè kí ó sì máa bá tiwọn sọ̀ kalẹ̀, bí àlàfo díẹ̀ tilẹ̀ wà láàárín wọn. Ìlà ooru tó ga sókè ṣóńṣó ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́, tí ti àwọn aládùúgbò kò sì rí bẹ́ẹ̀, ń sọ fún yín pé oòrùn ń rí sẹ́ńsọ̀ náà láti ibì kan ní wákàtí yẹn. Lọ́jọ́ keje, ẹ yọ bátìrì sẹ́ńsọ̀ ooru, kí ẹ dúró fún ìdajì wákàtí, kí ẹ sì wo ohun tí ibùdó yín rán jáde. t... ló yẹ kí ẹ rí níbẹ̀. Bí nọ́ńbà bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ padà sídìí ojo.sh.